Ajá, ológbò àti ẹyẹ nínú kíṣìnì: àwọn ìbéèrè tó ń wá lemọ́lemọ́ nípa sítóòfù tó gbóná

Ṣebí ẹranko máa ń sá fún iná, kí ló wá ń jó wọn lórí sítóòfù?

Wọ́n máa ń sá fún iná tí wọ́n bá rí. Iná tó ń jó lalala lórí gáàsì, ológbò á rí i, ooru ẹ̀ á fẹ́ ẹ lójú, á yà fún un. Èyí tó ń jó wọn jù ni sítóòfù tẹ́ ẹ ti pa. Kò pọ́n, kò rú èéfín, kò pariwo, irin dúdú lásán tàbí gíláàsì dúdú lẹ máa rí, àmọ́ ó ṣì gbóná débi tó lè bó awọ. Àwa èèyàn, ìrántí la fi ń mọ̀ pé ká má fọwọ́ kan ibẹ̀ torí a mọ̀ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná tán, ológbò tó ń sùn ní pálọ̀ látàárọ̀ kò mọ̀yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn yín nígbà gbogbo ni pé iná lè kú kí ooru má tíì kú.

Kí ló ń fa ológbò lọ sórí sítóòfù gan-an?

Ooru ni àkọ́kọ́. Ibi tí ara ológbò ti máa ń rọ̀ ọ́ jù ni ibi tó wà láàárín 30 sí 38°C, tàwa ti ń làágùn níbẹ̀, torí náà tó bá rí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á fẹ́ jókòó sí i. Òórùn oúnjẹ tó ta sílẹ̀ tún wà níbẹ̀, pàápàá epo àti omi ẹran. Ẹ̀kẹta ni pé ológbò fẹ́ràn kó wà lókè kó máa wo gbogbo ilé. Pẹpẹ kíṣìnì sì rèé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju nǹkan bíi 90 sẹ̀ńtímítà lọ, ológbò tí ara ẹ̀ dá máa fò ó láìsáré rárá.

Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn nípọn, ṣé kò lè gbà wọ́n?

Kò lè gbà wọ́n. Ó nípọn fún ilẹ̀ àti òkúta, àmọ́ ẹran ara tó ń mọ̀ ìrora ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ wo bí ológbò ṣe ń fò ná: ẹsẹ̀ iwájú á kọ́kọ́ balẹ̀, gbogbo ìwúwo ara ẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin yẹn, tó bá wá mọ̀ pé ó gbóná, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló máa fi ti ara ẹ̀ kúrò, ìyẹn ni pé ó ti fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jóná kó tó délẹ̀. Egbò àtẹ́lẹsẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jinná torí orí ẹ̀ náà ló máa máa rìn lójoojúmọ́.

Ajá kì í fò sórí sítóòfù, ṣé ó yẹ kí n bẹ̀rù?

Ó yẹ o. Ajá máa ń dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á gbé ẹsẹ̀ iwájú lé etí sítóòfù torí òórùn ẹran tó gbọ́, nǹkan méjì ló sì lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó lè fa ọwọ́ ìkòkò tó yọ síta kó da omi gbígbóná sórí ara ẹ̀, tàbí kó fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tan iná kó sì yí i. Ní ọdún 2024 ní ìlú Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, ajá kan ló tan sítóòfù lóru báyìí, àwọn páálí tó wà lórí ẹ̀ sì gbiná, kámẹ́rà inú ilé ló ká a sílẹ̀, àwọn panápaná ìlú náà sì gbé fídíò ẹ̀ jáde kí àwọn èèyàn lè rí i.

Ajá kéékèèké náà ní tiwọn, àárín ẹsẹ̀ ẹni tó ń dáná ni wọ́n máa ń dúró sí. Ẹ gbé ìkòkò omi híhó, ẹ fẹ́ yí padà, ẹ kọlu ajá, omi dà. Èyí wọ́pọ̀, àwa èèyàn gan-an máa ń fara pa níbẹ̀.

Irú sítóòfù wo ló léwu jù fún wọn?

Kò sí èyí tí kò léwu, ewu wọn ló yàtọ̀ síra. Ti gáàsì ní iná gidi, ìrù tàbí irun gígùn lè gbiná tí ẹran bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, àwọn irin wúwo tí ìkòkò ń jókòó lé sì máa ń di ooru mú fún ìgbà pípẹ́. Bọ́tìnì ẹ̀ tún máa ń wà níwájú lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ẹsẹ̀ ajá máa dé gẹ́lẹ́. Tí ajá bá yí i láìjẹ́ pé iná ràn, gáàsì á máa tú jáde sínú ilé. Ti onírin tó ń pọ́n, ìgbà tó bá pa àwọ̀ pupa ẹ̀ tì ló máa ń tan èèyàn jẹ, ó ti padà di dúdú ṣùgbọ́n ó ṣì lè jó awọ.

Onígíláàsì ni mo rò pé ó ń tan ológbò jẹ jù, torí ó tẹ́jú, ó ń dán, ó dà bíi pẹpẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó sì lè gbóná tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún digirí. Induction, ìyẹn irú sítóòfù oníná mànàmáná kan tó ní gíláàsì lójú, sàn díẹ̀ torí ìkòkò ló ń gbóná tààrà, gíláàsì ẹ̀ kàn ń gba ooru lára ìkòkò ni, torí náà ó máa ń yára tutù. Kì í ṣe pé kì í gbóná o, ibi tí ìkòkò tó ń hó ti kúrò lè jó ẹsẹ̀ dáadáa.

Tí mo bá ti pa iná, báwo ni mo ṣe máa dúró pẹ́ tó?

Mi ò lè sọ ìṣẹ́jú kan pàtó torí bí sítóòfù ṣe wúwo tó, bẹ́ ẹ ṣe gbé iná ẹ̀ ga tó àti bẹ́ ẹ ṣe sè é pẹ́ tó ló máa sọ ọ́. Onígíláàsì lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí tiyín bá ní iná pupa kékeré tàbí lẹ́tà H tó máa ń hàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa á, ẹ má kúrò níbẹ̀ kí ológbò sì wà nínú kíṣìnì nígbà tó ṣì ń tàn, tó bá kú tán náà ẹ tún fún un láyè díẹ̀, torí ó lè kú kí ojú gíláàsì náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe rí, omi tó jẹ́ 60°C péré, tó bá kan awọ èèyàn fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ti lè jó o gan-an.

Ohun kan wà tí mo máa ń ṣe tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ológbò máa ṣe. Tí mo bá ti gbé oúnjẹ kúrò, mo máa ń bu omi tútù sínú ìkòkò irin kan, mo ti nu ìdí ẹ̀ gbẹ, mo sì máa gbé e lé ojú ibi tó gbóná yẹn. Omi yẹn á máa fa ooru, ìkòkò náà á sì gba àyè tí ológbò ì bá fẹsẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ ojú méjì lẹ lò, ìkòkò méjì. Ẹ má da omi sórí gíláàsì gbígbóná fúnra ẹ̀ o, ó lè sán.

Ṣé ológbò lè fúnra ẹ̀ tan sítóòfù?

Ó lè tàn án, ó sì ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Àwọn panápaná ìlú Seoul ní South Korea kà á, láti oṣù January 2019 sí November 2021 iná ilé 107 ló jẹ́ pé ológbò ni wọ́n ní ó dá a sílẹ̀ nílùú yẹn nìkan, sítóòfù oníná mànàmáná tí èèyàn kàn ń fọwọ́ kàn ni wọ́n sì fura sí pé àwọn ológbò náà ń tàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ológbò lè ṣiṣẹ́ lórí gíláàsì yẹn bí ìka wa ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú ilé yẹn ni èèyàn ò sí nílé nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ọ̀pọ̀ sítóòfù onígíláàsì ló ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tì í kí ọmọdé má baà tàn án, ẹ máa tì í lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dáná, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde nìkan. Tó bá ní súwíìṣì lára ògiri, ẹ pa á níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti gáàsì, ẹ ti gáàsì láti orí ẹ̀, bọ́tìnì tó bá ṣeé yọ ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n tún máa ń ta ike tí wọ́n ń fi bo bọ́tìnì, ti ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún àmọ́ ó wúlò fún ajá náà.

Ẹ má sì fi sítóòfù ṣe tábìlì. Páálí, náílọ́ọ̀nù, aṣọ ìnuwọ́, búrẹ́dì tó wà nínú ọ̀rá, gbogbo ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Tí sítóòfù bá ṣèèṣì tàn tí nǹkan kan ò sí lórí ẹ̀, ó lè má ju pé ó gbóná lásán lọ, nǹkan tó wà lórí ẹ̀ ló ń di iná ilé.

Wọ́n ń ta ìdérí tí wọ́n fi ń bo sítóòfù, ṣé ó dáa?

Ó dáa, ó sì burú, ó kù sọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe lò ó. Tí sítóòfù bá ti tutù pátá tẹ́ ẹ sì ti pa á láti ara ògiri tàbí láti orí gáàsì, ìdérí lè gba ẹsẹ̀ ológbò sílẹ̀, ó sì lè bo ibi tí wọ́n ń fọwọ́ kàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pákó tàbí rọ́bà tẹ́ ẹ gbé lé sítóòfù tí iná ṣì ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tó bá ṣèèṣì tàn, ìdérí náà ló máa jó. Ẹ má sì gbé e lé sítóòfù tó ṣì gbóná kẹ́ ẹ wá rò pé ẹ ti dáàbò bo ológbò. Ní tèmi o, títì í pa ṣíwájú ìdérí.

Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ológbò kó má gun ibẹ̀ mọ́?

Ẹ má lù ú, ẹ má sì máa wọ́n omi sí i lára. Ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé kó má gùn ún nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, á wá dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá kúrò, ìgbà yẹn gan-an sì ni sítóòfù gbóná tí ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí. Ariwo òjijì pàápàá lè jẹ́ kó ta gìrì kó sì já sórí ibi tó ń jó.

Ohun tó ń wá níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un níbòmíì. Tó bá jẹ́ ooru, ẹ tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì síbi tí oòrùn ń wọlé sí. Tó bá jẹ́ ibi gíga, ẹ wá àga gíga tàbí ṣẹ́ẹ̀fù kan tó lè ti rí yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń dáná, kó jìnnà sí sítóòfù, kẹ́ ẹ máa fún un ní nǹkan díẹ̀ jẹ nígbà tó bá wà níbẹ̀. Ó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fara dà á. Ẹ nu sítóòfù dáadáa lẹ́yìn oúnjẹ (nígbà tó bá ti tutù), torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá rí ẹran jẹ níbẹ̀ ti tó láti jẹ́ kó máa padà wá fún oṣù mélòó kan.

Lórí pẹpẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, àwọn kan máa ń lẹ téèpù tó ń lẹ̀ lójú méjèèjì torí ológbò kórìíra kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fáwọn kan. Àmọ́ ẹ má lẹ ohunkóhun sórí sítóòfù fúnra ẹ̀ láé.

Ajá ńkọ́?

Ajá rọrùn ju ológbò lọ níbi eléyìí. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí aṣọ kan sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kíṣìnì tàbí ó kéré tán mítà méjì sí sítóòfù, kẹ́ ẹ kọ́ ọ pé ibẹ̀ ni kó jókòó sí nígbà tẹ́ ẹ bá ń dáná. Ẹ kọ́ ọ nígbà tí iná ò sí lórí sítóòfù, ẹ má dúró dìgbà tí ìkòkò bá ń hó. Oúnjẹ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un, orí aṣọ yẹn ni kẹ́ ẹ ti fún un, ẹ má já nǹkan fún un láti ẹ̀gbẹ́ sítóòfù torí ìyẹn lẹ̀ẹ̀kan lè ba gbogbo ẹ̀kọ́ jẹ́. Ẹ yí ọwọ́ ìkòkò sí ẹ̀yìn, ẹ sì lo ojú sítóòfù tó wà lẹ́yìn ṣáájú tiwájú.

Kíṣìnì mi ò ní ilẹ̀kùn.

Géètì kékeré tí wọ́n fi ń dá ọmọdé dúró ti tó fún ajá. Kò tó fún ológbò, á fò ó. Tiẹ̀, ẹ gbé e sí yàrá kí ẹ tó tan iná, pẹ̀lú omi àti nǹkan ìṣeré, kẹ́ ẹ sì ṣílẹ̀kùn nígbà tí sítóòfù bá ti tutù.

Yàtọ̀ sí sítóòfù, kí ló tún yẹ kí n ṣọ́?

Oven. Ẹ máa yẹ inú ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó tàn án, ológbò máa ń wọ ibi tó ṣókùnkùn tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀ kí ilé lè móoru torí ilẹ̀kùn yẹn máa ń di ibi tí wọ́n ń gùn. Wáyà kẹ́tùrù àti ti ìkòkò oníná tó ń rọ̀ wálẹ̀, ọmọ ajá á fà á bí okùn ìṣeré. Páànù epo tẹ́ ẹ gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó lè tutù náà, ẹ má gbé e síbi tí ẹnu wọn máa dé.

Mo ní ẹyẹ, kò sì sún mọ́ sítóòfù rárá, ṣé kò séwu?

Ewu tiẹ̀ gan-an ló pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ló sì máa gbé e wá bá a. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, nǹkan kan tó ń jẹ́ PTFE ni wọ́n fi kun inú ẹ̀. Tí páànù yẹn bá gbóná kọjá nǹkan bíi 260°C, ohun tí wọ́n fi kùn ún á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ á sì máa tú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Páànù tí nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀ lórí iná tó le lè dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ lè má gbóòórùn nǹkan kan. Ẹyẹ ò lè fara dà á torí bí Ọlọ́run ṣe dá èémí wọn, afẹ́fẹ́ ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọn kọjá ní ọ̀nà tó ń fa gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀ mọ́ra ju tàwa lọ. Ó lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nínú yàrá míì pàápàá.

Ẹ má tọ́jú ẹyẹ sí kíṣìnì tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹyẹ, ẹ lo ìkòkò irin tàbí stainless. Oven tó máa ń fi ooru gíga fọ ara ẹ̀ náà léwu fún wọn, ẹ gbé ẹyẹ jáde nínú ilé kẹ́ ẹ tó lò ó. Tí ẹyẹ bá ń mí gúlegúle, tó ń la ẹnu tàbí tó já bọ́ lórí igi ẹ̀, ẹ gbé e síta síbi afẹ́fẹ́ tútù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ó ti jóná! Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Omi. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tàbí ibi tó jóná sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó tutù níwọ̀nba tó ń ṣàn, kẹ́ ẹ fi síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ó máa dà bíi pé ó pẹ́ jù, ológbò á máa jà, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé ara ẹ̀ yòókù, ìyẹn máa dá a dúró, kò sì ní jẹ́ kí òtútù mú un. Tí kò bá gbà rárá, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ti rẹ sínú omi tútù lé ibẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀.

Áìsì rárá. Bọ́tà, òróró, oyin, ọṣẹ ìfọyín, ìpara tí wọ́n ṣe fún èèyàn, ẹ má fi ìkankan síbẹ̀, wọ́n máa ń há ooru mọ́ inú tàbí kí ẹran lá a jẹ. Tí ibẹ̀ bá lé ròrò, ẹ má tú u. Lẹ́yìn omi, ẹ fi ọ̀rá mímọ́ tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ bò ó lẹ́rọ̀, kẹ́ ẹ máa lọ bá dókítà ẹranko. Ẹ pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé tẹ́ ẹ bá lè ṣe é.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹnu ẹ̀ o. Ajá tó mọ̀ yín láti kékeré lè bù yín jẹ tí ìrora bá mú un, kì í ṣe ìkórìíra.

Epo gbígbóná ló dà sí i lára, ṣé omi náà ni?

Omi náà ni, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó pẹ́. Epo máa ń dúró sínú irun, á máa jó awọ lọ lábẹ́ ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ rò pé ó ti parí. Ẹ la irun náà kí omi lè dé awọ, ẹ má fà á, ẹ má sì máa ha á. Tó bá ní okùn tàbí bẹ́líìtì lọ́rùn, ẹ yáa tú u kí ibẹ̀ tó wú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹ máa wò ó di ọ̀la, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ó fò sórí sítóòfù ó sì sá lọ, mi ò rí egbò kankan. Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Ẹ má fi sílẹ̀. Irun máa ń bo ibi tó jóná mọ́lẹ̀, egbò náà sì lè má fojú hàn dáadáa títí di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ológbò tún ní ìwà kan, tí nǹkan bá ń dùn ún ńṣe ló máa ń lọ fara pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó rò pé oorun ló ń sùn. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, mo rò pé ológbò mi kàn ń bínú ni, ọjọ́ kejì ni mo rí i tó ń tiro, àtẹ́lẹsẹ̀ méjì ti bó. Ó ṣì ń dùn mí pé mi ò yẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò, àti àárín ìka. Tó bá pọ́n, tó funfun, tó ń ṣomi, tó ń lá ibì kan ṣáá, tó ń tiro tàbí tí kò fẹ́ jẹun, dókítà.

Ṣé mo lè fún un ní oògùn ìrora tiwa?

Rárá o. Paracetamol máa ń pa ológbò, tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ti tó, torí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò lè fọ́ ọ bíi tiwa. Ibuprofen náà lè ba inú àti kíndìnrín ajá àti ológbò jẹ́. Oògùn ìrora tó wà fún wọn yàtọ̀, dókítà ẹranko ló máa wọn ìwọ̀n ẹ̀ nípa bí ara wọn ṣe wúwo tó.

Iná ràn nínú páànù, ajá sì wà lẹ́sẹ̀ mi, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Tí iná náà bá ṣì kéré tó sì wà nínú páànù nìkan, ẹ pa sítóòfù, ẹ rọra ti ìdérí irin bò ó láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi máa tutù. Ẹ má da omi sí i, ẹ má gbé páànù náà, ibẹ̀ ni iná ti máa ń dà sórí ajá àti ẹni tó gbé e. Tó bá ti kọjá páànù, ẹ pe ajá jáde pẹ̀lú yín, ẹ ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn, ẹ pe panápaná. Tí ológbò bá ṣì wà nínú ilé, ẹ má padà wọlé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Ẹ sọ yàrá tó ṣeé ṣe kó wà fáwọn panápaná, wọ́n ní aṣọ àti ìbòjú tí wọ́n máa fi wọlé, ẹ̀yin ò ní in.

Ológbò mi ti darúgbó, ojú ẹ̀ ò ríran mọ́. Ṣé gbogbo èyí ṣì kàn án?

Ó kàn án ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ológbò tí ò ríran ń fi ìrántí rìn ni, tó bá ti ń gun pẹpẹ kíṣìnì láti ọdún mẹ́wàá, á ṣì máa gbà bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní rí iná tó ń jó níwájú. Ẹ má ṣí àga kúrò níbi tó mọ̀ ọ́n sí wá sí ìdí sítóòfù, torí ó lè fi ṣe àtẹ̀gùn. Irú wọn, yàrá tí ilẹ̀kùn ẹ̀ tì ló dáa jù nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá ń dáná, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ ohùn ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ máa ń sọ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, kó má baà máa dẹ́rù bà á.